Natabara Tó Ń Ṣọ́ Ìlẹ̀kùn Mínísítà

Ní àdúgbò wa, a máa ń sọ ọ́ lẹ́fẹ̀ pé bí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì wà láyé, kó lọ wo àpótí Natabara. Orí àpótí yẹn ni ọkùnrin náà ti lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ní ilé ìjọba, ní ìlú wa tó wà láàárín odò méjì. Mẹ́sẹ́ńjà ni. Aṣọ pupa ló ń wọ̀, ó fi ọ̀já kọ́ èjìká, àmì idẹ tí wọ́n ya adé ọba òyìnbó sí ń dán láyà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣílẹ̀kùn, kó tìlẹ̀kùn, kó gbé omi wọlé láàárọ̀, kó sì dìde bí aago bá dún. Ilé mi kọjú sí tirẹ̀. Ìyá Ketaki, ìyàwó rẹ̀, kì í fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi náà kò sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Ohun tí n kò bá fojú rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí mi gbọ́ ọ.

Nígbà kan, kò sí wàhálà. Òyìnbó kan ló wà nínú yàrá náà. Bó bá ń bọ̀, Natabara á gbọ́wọ́ síwájú orí, òyìnbó á mi orí, ó parí. Ìgbà tí wọ́n ní àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà yóò di mínísítà, tí wọn yóò máa bá Gómìnà jókòó ṣèpàdé, ni orí Natabara bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé jẹ́ onílẹ̀ ńlá, ọmọ ọba, tí òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Eléyìí fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun kó tó la ẹnu. Natabara kọ́ ọ. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tí ọmọ ọba fi lọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí òmìnira ló sì rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ aṣọ òwú tí wọ́n fọwọ́ hun. Bí Natabara ṣe na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí àkeekèé. Ó ní kò sí ẹrú, kò sí olúwa mọ́, ọmọ ìyá ni àwọn. Ó fa àga kan fún un pé kó jókòó. Natabara jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kan àga. Afẹ́fẹ́ ló lóṣòó lé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Mínísítà yìí kan náà ló ní òun kò fẹ́ rí aṣọ pupa mọ́, funfun ni kó máa wọ̀. Natabara wọ funfun. Ọjọ́ kejì, akọ̀wé àgbà, òyìnbó pọ́ńbélé, pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó bi í pé aṣọ ìjọba dà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ́jú aṣọ pupa sábẹ́ àpótí. Bí mínísítà bá lu aago, á bọ́ ọ. Bó bá gbọ́ kò-kò-kò bàtà òyìnbó, á tún sáré gbé e wọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ketaki, ṣé agẹmọ ni wọ́n kúkú gbà síṣẹ́ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó òun sọ ẹni tí ìjọba jẹ́ gan-an fún òun. Òun mọ̀ pé Gómìnà ju mínísítà lọ. Ṣùgbọ́n mínísítà ní aráàlú ló ju Gómìnà lọ, aráàlú kan sì nìyí lórí àpótí, tí kò ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀, kó yé ro ohun tí wọn kò gbà á síṣẹ́ láti rò.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni ti Ketaki. Ọmọ náà ti tó ilé ọkọ, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì fẹ́, ọmọ Jadumani, olórí abúlé Balipada. Bí Jadumani bá kọ̀, ọkùnrin arúgbó kan tí ìyàwó rẹ̀ kú ló kù tó ń béèrè rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́ nítorí ẹ̀. Jadumani kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí òun fẹ́. Ògiri amọ̀ tó ń dá odò dúró lábúlé rẹ̀ ti ya, ọdọọdún lomi ń gbá oko ìrẹsì wọn lọ. Ó ti wá sílé ìjọba títí ó fi sú u, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń lé e.

Ó wí fún Natabara pé, "Ìwọ lo ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn mínísítà. Mú mi dé iwájú rẹ̀, kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ mi. Ọjọ́ tó o bá ṣe é la ó pín nirmalya jẹ."

Kò sílé tí kò sí nirmalya lọ́dọ̀ wa, ìrẹsì gbígbẹ láti tẹ́ńpìlì òrìṣà wa, Jagannath, tá a máa ń so mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ, tá a sì ń ju hóró kan sẹ́nu láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá méjì bá pín in jẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ó ti di ìgbéyàwó, ọba kò lè tú u. Òun náà la sì fi ń búra bá a bá fẹ́ já okùn láàárín ara wa. Ẹni tó bá fi búra pé òun kò rí ọ mọ́, kò rí ọ mọ́ nìyẹn.

Natabara fi ìgboyà sọ ọ́ fún mínísítà. Mínísítà ní kó mú ọkùnrin náà wá ní Sátidé. Inú oṣù mímọ́ Kartika ni, tí a kì í jẹ ẹja, ogun sì ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú òyìnbó. Àwọn mínísítà ń tilẹ̀kùn mọ́rí ṣèpàdé lójoojúmọ́. Natabara gbé omi wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìbínú sọ pé kò yẹ kí wọ́n ṣe irú nǹkan báyìí láìbi àwọn. Ogun tí wọ́n ti tì wá sí láìbi wá ni wọ́n ń sọ. Natabara tiwa délé, ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ aṣọ òun ló dìjà.

Láàárọ̀ Sátidé, kò mọ èyí tí yóò wọ̀ lójú àna, ó bá wọ méjèèjì, funfun lábẹ́, pupa lókè. Ó gbé omi mínísítà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dé e. Ó rí i pé kẹ̀kẹ́ tí mínísítà fi ń ran òwú kò sí ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní bóyá wọ́n gbé e lọ tún ṣe. Ó sáré lọ pàdé Jadumani ní géètì. Ọkùnrin náà ti fẹsẹ̀ rìn láti ìdájí, kò fi nǹkan kan sẹ́nu, ó ní òun kò ní jẹun títí òun yóò fi rojọ́ tán.

Wọ́n gòkè. Natabara kan ìlẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tẹ orí ba.

Ó ní, "Jadumani ará Balipada dé o."

Àga ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń kọjá ló dúró wò wọ́n, ó ní ṣé wọn kò gbọ́ ni, gbogbo mínísítà ti fipò sílẹ̀ lánàá nítorí ọ̀rọ̀ ogun yìí, Gómìnà nìkan ló kù. Natabara bi í pé òun ńkọ́. Akọ̀wé náà rò ó díẹ̀, ó ní ẹnì kan kò sọ nǹkan kan nípa tirẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Jadumani wo ife omi tó wà lórí tábìlì.

"Ta lo gbé omi yìí kalẹ̀ fún?"

"Mínísítà ni."

"Èyí tó ti lọ?"

"N ò mọ̀ pé ó ti lọ, ẹ jọ̀ọ́." Omi ti lé ròrò sójú Natabara. "Òyìnbó lọ, kò sọ fún mi. Ọmọ ọba lọ, kò sọ fún mi. Eléyìí tó ń pè mí lọ́mọ ìyá, òun náà kò sọ. Àárọ̀ ni mo kàn máa ń rí i pé ojú míì ló wà níbẹ̀."

Jadumani ní, "Ṣé nirmalya wà lára rẹ?"

Natabara rò pé ọkùnrin náà fẹ́ búra. Ó ń wá a lábẹ́ aṣọ méjì, kò rí ìdí kókó náà tú. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má tíì búra, pé ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Jadumani gba ìrẹsì náà, ó pín in sí méjì, ó sì da ìdajì padà sí i lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́."

"Ṣùgbọ́n mínísítà ò sí."

"Èmi náà lójú." Jadumani da tirẹ̀ sẹ́nu. "Ká ní a bá a ńbẹ̀, ì bá gbọ́ ẹjọ́ mi, ì bá sì lọ lọ́la. Ọmọ mi ò sọ pé òun fẹ́ ọmọ mínísítà. Ọmọ ẹni tó ń gbómi wá ló ní òun fẹ́. Jẹ ẹ́, àna mi."

Natabara jẹ ẹ́. Ó gbé omi orí tábìlì fún Jadumani, ó mu ún tán. Wọ́n jáde. Natabara rọra ti ìlẹ̀kùn yàrá òfìfo náà, ó sì jókòó sórí àpótí rẹ̀, nítorí aago ìparí iṣẹ́ kò tíì lù, ẹnì kan kò sì tíì ní kó máa lọ. Jadumani jókòó tì í nílẹ̀, ó ń dúró dè é kí wọ́n jọ lọ sílé lọ sọ fún Ketaki.