Ìrẹsì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mummy

Bí òórùn ìrẹsì gbígbóná bá ti kàn mí nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan nílé wa l'Ọ́fà ni mo máa ń rántí. Àgbẹ̀ ìrẹsì ni Daddy, wọ́n sì ti búra pé ìrẹsì òkèèrè ò ní wọ ilé àwọn. Alhaji kan wá ra ìrẹsì wa, Mummy sì gbé ìrẹsì sísè fún òun àti Daddy.

“Kò sí òkúta kankan nínú ẹ̀!” Alhaji yìn ín.

Daddy yangàn. “Ti oko mi nìyẹn.”

“Rárá o, Daddy,” ni mo wí, “èyí tí Mummy gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé irú ìrẹsì òkèèrè olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, tó ń gba ẹnubodè wọlé, ni kì í jẹ́ kí tiwa tà.

Daddy wo Mummy, wọ́n wo àwo, wọ́n sì tún bu ṣíbí kan sẹ́nu.

“Ẹ máa jẹun, Alhaji. A kì í fi oúnjẹ ṣòfò.”