Ọjọ́ tí Katapílà Dúró de Bàbá Àgbà

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn epo dísù láàárọ̀, Mowe ni ọkàn mi ń gbà lọ. Kì í ṣe Mowe tẹ́ ẹ mọ̀ yìí o, tí ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì ń du ojú títì. Mowe tèmi, ìkùukùu ni, oko ẹ̀gẹ́ ni, òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lọ́wọ́ ni. Ìgbà náà ni wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni jíìpù kan yà wọ agbo ilé wa, ṣọ́jà kan sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ṣe rí nígbà náà. Kí n tó ṣẹ́jú, ilé ti dá páropáro. Bàbá mi ti dénú oko. Ìyá àgbà, tí kì í dìde láìdi ọ̀pá mú, ti sá dé ẹ̀yìn ilé.

"Màmá, èmi ni o! Èmi Àjàní!"

Àbúrò bàbá mi ni, Bọ̀dá Àjàní tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, tí ìjọba sọ di lọ́yà àwọn ṣọ́jà. A ò rí i nínú kákí rí. Ìyá àgbà yọjú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí kí katapílà tó dé ni? Dọ̀bálẹ̀, kí n rí i bóyá ìwọ ni." Bọ̀dá na gbọọrọ sínú eruku, tòun ti kákí tó ti lọ̀.

Ọ̀rọ̀ katapílà yẹn ló gbé e wá. Ọ̀nà tuntun máa gba orí ilé wa kọjá, àti yàrá tí a sin Bàbá àgbà sí. Orí sàréè yẹn ni Ìyá àgbà ń tẹ́ ẹní sí, tó ń bá ọkọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ bí ẹni tí kò kú. Ó ti ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá pàṣẹ fún ọ̀nà kó yà. Gbogbo agbo ilé ló gbà pé ó máa yà. Lọ́yà, tó tún jẹ́ ṣọ́jà: kí ni títì fẹ́ rí sọ?

"Màmá, ọ̀nà ò ní yà," ni Bọ̀dá wí. "Ìjọba náà lèmi ń ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní gun orí Bàbá kọjá."

Omi lé ròrò sójú Ìyá àgbà. "Kí wá ni èrè ìwé tó o kà?"

Bọ̀dá lọ bá ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà, èmi náà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ní iṣẹ́ ò lè dúró. Mo rò pé Bọ̀dá máa jágbe mọ́ ọn. Ṣe ló ṣí fìlà. Ó ní òfin tó ní kí ìjọba gba ilẹ̀ náà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀wọ̀ gbé òkú kúrò. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni ń pàlọ́ fún ọmọdé. Ọ̀gá juwọ́ sí awakọ̀ katapílà. Katapílà wúkọ́, ó pa rọ́rọ́. Ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Wọ́n fi aṣọ funfun di Bàbá àgbà, wọ́n gbé e lọ síbi tí a fẹ́ kọ́lé tuntun sí. Nínú ìrántí mi, ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀; inú ìkùukùu ni wọ́n ń rìn. Ìyá àgbà ń júwe ọ̀nà fún ọkọ rẹ̀: "Rọra o, kùkùté nìyẹn. A ti ń dé." Bọ̀dá bọ́ ẹ̀wù kákí, ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá mi, tó máa ń sọ pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, fi kún un lọ́jọ́ náà pé, "Àmọ́ nígbà míì, wọ́n a máa pàdé."

Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ pinnu pé lọ́yà ìjọba lòun máa ṣe, nítorí jíìpù àti bàtà dídán. Mo ṣe é lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ láti Ibafo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dá ọ́fíìsì tiwọn sílẹ̀ ti kọ́lé alájà, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì wa fẹ́ lé opó ṣọ́jà kan kúrò ní bárékè kí ọmọ rẹ̀ tó ṣèdánwò tán. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi, mo rọra ṣàlàyé òfin. Wọ́n jẹ́ kó dúró di ìgbà náà. Obìnrin náà ò mọ̀ mí rárá. Lọ́jọ́ kan a jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Àǹtí, ẹ sún, ẹ ń fún mi pa!" Ọmọdé tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí ì bá ti bú sẹ́kún. Èmi sún, mo sì ń rẹ́rìn-ín délé.