Ìwé Àdéhùn Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ọmọ ní kéú ní Ìlàré tẹ́lẹ̀ kì í fọwọ́ síwèé láìkà á sókè. Nígbà tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ilé nílẹ̀ Lárúbáwá, ó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ sétí ejẹ́ǹtì tó fẹ́ mú un lọ: "Ẹni tó bá kúrò kí ọdún méjì tó pé yóò san owó oṣù mẹ́jọ."

Ejẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ kúrò?"

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń ṣàìsàn, oògùn sì wọ́n, ló bá fọwọ́ sí i.

Lánàá, ó pè mí. Obìnrin Filipíìnì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò lè lọ sìnkú ìyá rẹ̀ torí owó ìtanràn yẹn. Àlùbọ́sà ló ń gé ṣáá, kí ọ̀gá wọn má baà mọ̀ pé ó ń sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi wá bi mí pé, "Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ara wọn ti yá?"

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù tí wọ́n dá ìyá rẹ̀ dúró sí ni mo wà. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká pe gbogbo ọmọ wọn wálé.