Gílóòbù Tí Mo Yí Nítorí Ìràwọ̀

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun ní Ìlá. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, kò sí èyí tí kámẹ́rà mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Àwọn agbo ìràwọ̀ kéékèèké kan wà tó jìnnà kọjá gbogbo ìràwọ̀ tí ènìyàn lè fi ojú kà. Wọn ò rí roboto, wọn ò lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n kàn rí wúruwùru bí ògì tí kò dì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń yọ díẹ̀ lápá gúúsù ìlú wa, kò ní gòkè ju orí ọ̀pẹ lọ tó fi máa wọ̀. Tí òjò ìkẹyìn bá ti fọ ojú ọ̀run, tí eruku ọyẹ́ ò tíì dé, ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo ní láti yà á.

Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni gílóòbù Màmá, aládùúgbò mi. Opó ni Màmá, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn nìkan ló ń gbé inú ilé tó wà lẹ́yìn tèmi, lápá gúúsù gan-an. Gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń tan iná ẹ̀yìnkùlé, torí pé ìta ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn wà. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì ba gbogbo fọ́tò mi jẹ́. Ó yẹ kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ. Mò ń sọ fún ara mi pé ta ni mí tí màá fi sọ fún àgbà pé kí wọ́n pa iná ilé wọn, pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ kọ́, irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè ní rárá.

Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé Màmá, mo gun àpótí, mo yí gílóòbù náà díẹ̀, ó kú. Mo padà sídìí kámẹ́rà. Mo ti ya bí ogójì fọ́tò, èyí tí màá tò léra lórí kọ̀ǹpútà kó lè di ẹyọ kan tó hàn, kí n tó gbọ́ igbe Màmá.

Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ṣubú. Wọ́n jí, wọ́n rí i pé ìta ṣókùnkùn, wọ́n tẹ súìṣì, iná ò tàn, wọ́n bá ń táràrà lọ. Mo pariwo pe àwọn ará ilé kejì. Bí àwọn yẹn ṣe ń gbé Màmá wọlé ni mo gun àpótí padà, tí mo yí gílóòbù náà le. Ẹ rí mi bí? Egungun ìbàdí ìyá àgbàlagbà ti dá, èmi ń tún gílóòbù yí.

Ọmọbìnrin wọn dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. "Mo tan iná yẹn kí n tó sùn," ni Màmá ń tẹnu mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ti délé wo súìṣì, pípa ló bá a, torí Màmá ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n jí. Ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn yòò.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan," ó sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Wọn ò lè dá gbé mọ́."

Èmi yìí, mo mi orí. Mo ní ara àgbà ni. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi ni mo gbọ́ igbe wọn. Ó gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn, ó sì ti ilé pa.

Fọ́tò náà dára. Àwọn tí a jọ ń ya ìràwọ̀ lórí ayélujára ń kí mi kú iṣẹ́, ẹnì kan ní ojú ọ̀run ìlú wa mà dúdú o. Ojú tì mí. Gbogbo alẹ́ ni ẹ̀yìnkùlé yẹn wá ṣókùnkùn bí mo ṣe fẹ́, mi ò sì gbé kámẹ́rà jáde mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kò sẹ́ni tó ń lé tèmi, inú mi ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ kí n tó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Mo bá Màmá lórí àga, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. Ilẹ̀ ni mo dojú kọ tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀: ìràwọ̀, àpótí, gílóòbù. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá yẹn nà mí, ó tọ́ sí mi.

Màmá bi mí pé, "Ṣé mo tan iná yẹn?"

"Ẹ tan án, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó ń tàn nígbà tí mo yí i, mà."

Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì àwọn àtijọ́ lóru, láti mọ̀ bóyá ọpọlọ àwọn ṣì pé. Èmi rò pé ìbàdí nìkan ni mo bà jẹ́.

Wọ́n pe ọmọ wọn láti ilé ìdáná pé kó wá dúró. Wọ́n wá na ọ̀pá sí mi.

"Tún un sọ. Fi ti ìràwọ̀ sílẹ̀. Sọ pé mo tan iná."

Mo sọ ọ́, ojú mi ṣì wà nílẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè," ni Màmá wí.

Mo sọ ọ́ sókè.