Tábìlì Tíṣà Mẹ́nsà

Ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀. Mórẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìsọlọ̀ níbí, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un nílé ìwé, bó sì ṣe ń tẹ bírò mọ́ ìwé ni ẹsẹ̀ tábìlì ń kanlẹ̀, kò, kò, kò. Gbogbo ará ilé yìí ló ti bẹ̀ mí pé kí n ju tábìlì náà nù. Káfíńtà kan tiẹ̀ wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí òun kan òmíràn fún mi. Mo ní kó máa lọ. Mo bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ní kó kọ.

"Màmá àgbà, wọ́n ní ká kọ nípa ohun tí ojú àwọn Júù rí ní Jámánì."

Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Ṣógúnlé tí mo fẹ́ sọ. Ilé oníyàrá tó kọjú síra la gbé, ilé ìdáná kan lẹ́yìnkùlé, ilé ìwẹ̀ kan tí gbogbo wa ń tò sí láàárọ̀, tí a sì ń bú ara wa níbẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Wàhídì nítorí àbúrò mi ọkùnrin, ń ta abọ́ àti ike ní Òṣòdì. Yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ni Tíṣà Mẹ́nsà ń gbé. Ọmọ Gánà ni, òun ló ń kọ́ wa ní ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Kò ní ju bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, ìwé àti tábìlì kan lọ, àmọ́ tábìlì yẹn nìkan ni tábìlì ìkọ̀wé tó wà ní gbogbo ilé náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọdé á ti rọ́ lọ bá a, a ó máa ti ara wa ní ìgúnpá. Ẹsẹ̀ kan ń mì lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Tíṣà á ní ẹni tó bá ń purọ́ nínú ìwé rẹ̀ ni tábìlì òun ń bá jà, a sì gbà á gbọ́ débi pé a kì í fẹ́ mí sókè tí a bá ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àwọn Júù fún wa, a rò pé a mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ ìjọ mọ̀ wọ́n láti Sọ́ńdè Sùkúù, àwa ọmọ ilé kéwú mọ ìtàn Ànábì Músá àti Fíríáúnà. Ẹni àtijọ́ ni wọ́n lójú wa. Tíṣà ní rárá. Ó ní dókítà wà nínú wọn, télọ̀ wà nínú wọn, ọmọ ilé ìwé bíi tiwa wà níbẹ̀. Ó ní àwọn Násì tó ń ṣèjọba Jámánì nígbà náà kọ́kọ́ lé àwọn ọmọ wọn kúrò nílé ìwé, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àbùkù sára ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin gba ẹ̀yìn ilé ìwé wa kọjá. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, Tíṣà dákẹ́, ó jẹ́ kó kọjá tán. Ó wá ní, "Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó lọ tán, wọ́n wọlé àwọn tó lọ, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó àga."

Ó ní ká kọ ọ́. Ó ní ká má ṣe bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀, pé a ò lè mọ bó ṣe rí. Ká kọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, gbogbo wa la pín òkun. Èmi kọ ọ́ pé Ọlọ́run la òkun Jámánì sí méjì, àwọn Júù kọjá, àwọn Násì rì tìbọntìbọn. Ẹnì kan tiẹ̀ fi mánà sí i. A ò tíì gbọ́ ìtàn àwọn Júù tí kì í parí sí ìgbàlà. Tíṣà ń ka ìwé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀.

"Òkun ò pín," ló wí. "Wọ́n pa wọ́n. Mílíọ̀nù mẹ́fà. Àtàwọn ọmọdé."

Nígbà tó dá ìwé wa padà, ìbéèrè kan náà ló fi bírò pupa kọ sí ti gbogbo wa: Kí ni aládùúgbò ṣe? Ó ní ká lọ tún un kọ.

Kò pẹ́ sí i ni rédíò kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ sí ìlú wọn. Báyìí ni ilé wa yí padà. Landíláàdì tó máa ń yá ìwé ìròyìn Tíṣà kà kò kí i mọ́. Àwọn obìnrin ń sọ nídìí omi pé àwọn Gánà ló jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n. Ìyá mi wà níbẹ̀, òun náà ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Tíṣà yìí ló gbé Wàhídì sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí gìrì mú un. Tíṣà ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá òun dé ọ́fíìsì ìjọba, kó sọ pé òun mọ Tíṣà. Landíláàdì ní òun á rò ó wò. Ìyá mi ní ọjà ò jẹ́ kí òun ráàyè. Mo gbọ́ ọ nígbà tó sọ ọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ, lọ́rì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ṣì ń fi okùn di báàgì rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ilé wọ yàrá rẹ̀. Landíláàdì gbé sítóòfù. Ẹnì kan fa mátíréèsì jáde. Ìyá mi ru tábìlì. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, mo rí i bó ṣe kọjá níwájú Tíṣà pẹ̀lú tábìlì lórí.

Tíṣà gbójú sókè. "Ìyá Wàhídì, ẹ rọra o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń mì."

"Ẹ ṣé, Tíṣà," ni ìyá mi wí, ó sì wọlé.

A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe sí i àti ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn Júù kì í ṣe ọgbọọgba. Kò sẹ́ni tó kó Tíṣà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ olóró pààyàn, òun gan-an ni ì bá sì kọ́kọ́ fàlà pupa sí i tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó sọ nípa aládùúgbò, ojú mi ló ṣe. Títí ìyá mi fi kú, kò jẹun lórí tábìlì yìí rí. Tí a bá bi í, á ní, "Mo ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

Wọ́n ti wó ilé wa ní Ṣógúnlé, wọ́n ti kọ́ tuntun síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá báyìí ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ní Òṣòdì, wọ́n ṣì ń ta irú báàgì tí Tíṣà dì lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń pè é ní Gánà-Mọ́ọ̀sì-Gò, àwọn èèyàn a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Mórẹ́nikẹ́ ka tirẹ̀ sí mi létí. Ó kọ ọ́ dáadáa: ìràwọ̀, ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ojú irin. Ó wá parí rẹ̀ pé Ọlọ́run gba àwọn tó kù là.

Mo ní, "Kí ni aládùúgbò ṣe?"

Ó ki bírò bọnu. Ó ní àwọn ò tíì kọ́ ibẹ̀ ní kíláàsì, pé kí n sọ fún òun. Mo wá sọ ibi tí a ti rí tábìlì yìí fún un, mi ò yọ ìyá mi sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó tẹ̀ríba wo ẹsẹ̀ tó ń mì náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ìwé àti bírò rẹ̀, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló sì ti kọ ìyókù.