Bàtà Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn irú àti èlùbọ́ ni Bódìjà fi máa ń kí ènìyàn láàárọ̀, kí ọjà tó kún. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òórùn rọ́bà tuntun ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kan. Ara bàtà tí wọ́n gbé ka iwájú mi ló ti ń wá. Bàtà dúdú ni, ó fúyẹ́ bí ìwé, ṣùgbọ́n irin wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí bí eyín ọ̀yà. Ẹni tó gbé e wá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbíkẹ́yìn mi obìnrin. Tíṣà ni ní Àgbowó, kẹ̀kẹ́ ológeere ló sì fi ń ṣeré ìdárayá, ó ti yá mi ní ọ̀kan kí èmi náà lè máa bá a gùn ún. Ó ní irin náà yóò há sára pẹ́dà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

"Tó bá há, báwo ni yóò ṣe tú?"

"Ẹ ṣáà yí gìgísẹ̀ síta, Bàbá. Wẹ́rẹ́ báyìí."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé n kì í gba wẹ́rẹ́ gbọ́. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ rí o. Nígbà èwe mi, mo gbé àgbò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀. Àgbò sùn lọ, nígbà tó jí, ó bi mí bóyá a ti dé. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó de ẹsẹ̀ mi mọ́ irin. Àgbò Iléyá ni wọ́n ń dè lẹ́sẹ̀. Kí ni ẹni tó fẹ́ gba ọmọ mi ń wá lọ sídìí ẹsẹ̀ mi?

Ìfura mi nídìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń kánjú kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ̀ wá, èmi ni mo ń dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni olórí ẹbí wa. Bí kò bá jókòó, ilé wa kì í fa ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n kò kíra mọ́ látọjọ́ tó ti pè mí ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ẹbí, lórí ọ̀rọ̀ àgbò yẹn. Ó ránṣẹ́ pé bí mo bá wá dọ̀bálẹ̀, ìjà ti parí. Mo ránṣẹ́ padà pé òkú mi pàápàá, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀. Ọmọ mi kò bá mi jà. Ó kàn ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ìjà lọ.

Mo wọ bàtà náà ṣá. Mo ṣubú sínú òdòdó àwọn aládùúgbò, mo ṣubú lu ajá kan, ajá náà kó kúrò ní Bódìjà. Onímárúwá kan dúró wò mí. "Bàbá, ṣé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ yín mọ́ ọn ni?"

"Oògùn ni," ni mo wí. "Má sún mọ́ mi."

Nígbà tí gìgísẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè bàtà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ká gba Ring Road já sí Challenge ní àárọ̀ Sọ́ńdè, pé ojú títì á dá. Kí a tó gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi irin kékeré kan yí nọ́ọ̀tì ara pẹ́dà ọ̀tún mi.

"Kí lò ń dì níbẹ̀?"

"Mo kàn ń tún un ṣe ni, Bàbá."

Mo wo ojú rẹ̀, kò wo tèmi. A lọ. Nígbà tí a dé Challenge, ló bá ya sí àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ibẹ̀ ló yá. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rèé lẹ́nu géètì rẹ̀, pákò lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi, a kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú àgbà, ìjà ìbáà wà. Mo kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, kí n fi ẹnu lásán kí i, kí n máa lọ. Mo fa ìjánu. Ẹsẹ̀ òsì tú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni kẹ̀kẹ́ fì sí, jẹ́jẹ́, bí ọ̀pẹ tó ń wó. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo sì fi àyà lélẹ̀ gbalaja níwájú sálúbàtà ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà yẹn ni bàtà wá tú, tá, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n yọ pákò lẹ́nu. "Àbúrò mi, dìde. Ó ti tó. Láti Bódìjà lo ti gun kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ mí?"

Mo la ẹnu láti dárúkọ bàtà, mo sì rí omi lójú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹni tó ní òpùrọ́ ni mí gba ìyẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyàwó rẹ̀ ń wí lẹ́yìn géètì pé, "Ẹ wò ó, ó tún kó kẹ̀kẹ́ mọ́ra dọ̀bálẹ̀." Nígbà tí mo yí ojú, ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà ti nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ń dárúkọ bàbá rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Kí a tó jẹ iṣu tí ìyàwó rẹ̀ sè fún wa tán, ẹ̀gbọ́n ti mú ọjọ́ tí wọn yóò wá mọ̀ wá.

Bí a ti ń padà, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ta ló ní kó gba àdúgbò yẹn.

"Ọ̀nà ló gbé wa débẹ̀, Bàbá."

"Ọ̀nà," ni mo wí, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ dé ilé.

Ó ti di àna mi báyìí, ọmọ mi sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Wẹ́rẹ́ ni mo ń tú ẹsẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ilẹ̀ kan wà tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé, àfi kí wọ́n tì í. Bóyá àna mi yìí ló tì mí, bóyá Ọlọ́run ni, n kò bi í dójú àmì rí. Bí mo bá mọ̀, á di dandan kí n dúpẹ́.