Ìdajì Ìtàn tí Mo Gbé Lọ sí Fulshear

Èmi ni mo jẹ̀bi. Baba òyìnbó kan ní Fulshear, nílùú òyìnbó níbí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ní kí n kó pàǹtí inú gáréèjì wọn dànù, ṣùgbọ́n kí n ṣẹ́ màgásíìnì tí orúkọ wọn bá wà nínú ẹ̀ kù. Mi ò mọ orúkọ wọn. "Daddy" ni mò ń pè wọ́n, ojú sì ń tì mí láti bi irú àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Mo bá kó gbogbo ẹ̀ dànù.

Ọmọ wọn obìnrin ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà ọ̀dọ́ ni bàbá òun ti ń kọ ìtàn sínú àwọn màgásíìnì olówó pọ́ọ́kú yẹn, ìtàn àwọn tó ń gbé láàárín ìràwọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ òṣùpá. Ó kọ orúkọ Baba sórí ìwé fún mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo kúrò ní Westchase, àdúgbò tí mò ń gbé. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ dé àdúgbò Third Ward. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì nínú ẹ̀. Nílé, a ò bá ti mọ ọmọ ẹni tí kálukú ń ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ẹyọ kan péré tó ní orúkọ Baba ni mo rí, ogún dọ́là. Ó ti gbó bí ewé gbígbẹ.

Bọ́ọ̀sì kì í dé Fulshear, mo bá pe takisí. Ọmọ Yorùbá ni awakọ̀ náà. A gba freeway, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ wọn.

"Àbúrò, gbogbo wàhálà yìí torí ìwé? Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé Baba kan ni. Èmi ni mo dà á nù."

"Tóò. Tó o bá débẹ̀, dọ̀bálẹ̀ o."

Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Baba rò pé mo ṣubú ni, wọ́n figbe ta, ọmọ wọn sáré wọlé! Mo jẹ́wọ́ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Kí ló dé tí o ò béèrè orúkọ mi?"

"Daddy, nílé wa, a kì í pe àgbà lórúkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ méje ni mo fi ń kọ ìtàn. Èwo ni ò bá mú nínú ẹ̀? Jókòó, kà á fún mi. Ojú mi ò lè kàwé mọ́."

Mi ò kàwé púpọ̀. Mò ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, Baba á sọ ọ́ láìwo ìwé. Nínú ìtàn náà, ọmọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú fi nǹkan pẹlẹbẹ sétí, ó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Irun ara mi dìde.

Ojú ewé tó kẹ́yìn: ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìyókù di màgásíìnì oṣù tó ń bọ̀.

"Daddy, kí ló wà níta?"

"Mo ti gbàgbé, ọmọ mi. Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n kí n tó lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Westchase. Mo ti rí i pé ìtìjú ìṣẹ́jú kan lè ba iṣẹ́ ọgọ́rin ọdún jẹ́. Látìgbà náà, mo ti wá màgásíìnì tí ìyókù ìtàn náà wà nínú ẹ̀ káàkiri, mi ò tíì rí i. Mo ṣì jẹ Baba ní gbèsè ìparí ìtàn tí àwọn fúnra wọn kọ.